Àpò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Tú

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan ní ọdún 1985, Mùínàt lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun gbà ní Bantè, ní ilẹ̀ Benin, ó sì bá a ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ibùsùn wà níbẹ̀, àwo tó fi jẹun wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kò sí. Àpò dúdú rẹ̀ kò sí, ìwé ènìyàn mẹ́tàdínlógún tó wà nínú rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ìwé Mùínàt wà lára wọn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni Mùínàt, ó sì ti ń ta epo pẹtiróòlù ní Bantè láti ogún ọdún. Láti ọdún tó kọjá ni Nàìjíríà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pa. Bí ìjọba bá fẹ́ fi agbára han aládùúgbò rẹ̀, ohun tó máa ń ṣe nìyẹn, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tí Mùínàt bí, wà ní Ṣakí pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àsìkò náà ni Ọ̀ṣuntókun dé pẹ̀lú kóòtù àti bàtà tó ń dán. Ó ní ìjọba Nàìjíríà ló rán òun láti Kútọnu, pé òun ń ṣa àwọn tí wọn yóò ṣí ẹnubodè fún. Ó fi lẹ́tà Faransé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa han Mùínàt àti àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù tó wà níbẹ̀. Ó gba ìwé ìbí, ó gba ìwé ìgbélùú, ó kó wọn sínú àpò tó fi òjé dì lẹ́nu. Ó ní àpò láàrin ìjọba sí ìjọba ni, kò sí ọlọ́pàá tó gbọdọ̀ tú u. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ síta, òun yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ìjọba Benin kéde pé kí gbogbo àlejò wá fi ìwé hàn ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí kò bá ní ìwé, ọkọ̀ yóò gbé e dé ẹnubodè. Ẹnubodè tó wà ní títì! Nínú yàrá òfìfo náà, Mùínàt rò ó títí: Bantè yóò lé e jáde, Nàìjíríà kò sì ní gba ẹni tí kò níwèé wọlé. Ojú ọ̀nà ni yóò wà.

Ó sáré lọ bá Thècle, olùkọ́ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń ta epo. Thècle kò bá a wí. Ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Rémy, ọ̀gá àwọn jandámù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀.

Onílé Ọ̀ṣuntókun sọ fún wọn pé Pira ni àlejò náà ní òun ń lọ. Rémy àti jandámù kan fi ọkọ̀ gbé àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí Pira, wọn kò bá ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń padà, awakọ̀ ẹlẹ́rù kan sọ fún wọn pé òun rí ọkùnrin alápò dúdú kan nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Savalou. Wákàtí méjì ti ṣòfò. Wọ́n yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Savalou.

Ní ibùdókọ̀, takisí Kútọnu ti ń dún. Ọ̀ṣuntókun jókòó níwájú, àpò wà lórí itan rẹ̀.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀,” ni Rémy wí. “Ẹ ṣí àpò yẹn.”

“Ẹ tú u bí ẹ bá láyà,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Nàìjíríà ni ẹ ó tú àpò rẹ̀. Bí ìjà bá dé láàrin ìlú méjì, orúkọ yín ni wọn yóò pè.”

Ọwọ́ Rémy padà sẹ́yìn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń bọ́ wọn. Ọkùnrin náà na lẹ́tà rẹ̀ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mùínàt ń wo ọwọ́ Rémy.

Thècle gba lẹ́tà náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì tún ìsàlẹ̀ náà kà.

“Ọ̀gbẹ́ni, ta ló kọ ọ́?”

“Aṣojú Nàìjíríà ní Kútọnu, fúnra rẹ̀.”

“Ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn án?”

“Rárá.”

Thècle fi ìka lé ìlà tó kẹ́yìn, lókè ibi tí wọ́n fọwọ́ sí: A ti múra tán fún ìyípadà. Ìjà ń tẹ̀síwájú. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Benin ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí parí lẹ́tà. Ó ti mọ́ Thècle lára débi pé ó kọ ọ́ sí Angèle, àbúrò rẹ̀, nígbà tó ń kí i kú oríire ìgbéyàwó.

“Láti ìgbà wo ni Nàìjíríà ti wà nínú ìjà tiwa?” ni Thècle bi í.

Ọkùnrin náà bẹ́ sílẹ̀, ó sá. Kò sá jìnnà tó fi ṣubú sórí iṣu tí wọ́n kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, jandámù kejì sì dì í mú. Rémy fi ọ̀bẹ gé òjé. Ìwé mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, ti Mùínàt ló wà lókè. Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo èrò ọkọ̀, kò sì tijú.

Damien ni orúkọ ọkùnrin náà gan-an, ọmọ Benin ni, atẹ̀wé tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé ẹnì kan ń dúró de òun ní Kútọnu láti ra àwọn ìwé náà.

“Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́?” ni Rémy bi í.

“Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo kọ ọ́.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, òṣìṣẹ́ kan lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé Mùínàt, ó dá a padà fún un, ó sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: “A ti múra tán fún ìyípadà.” Láti ọdún mẹ́wàá náà wá, Mùínàt kì í dá wọn lóhùn, ó ní ọ̀rọ̀ onílé ni, kò kan àlejò. Lọ́jọ́ náà, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

“Ìjà ń tẹ̀síwájú, ọmọ mi,” ni ó dáhùn.

Ó padà sídìí epo rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà tí ìròyìn Àṣàbí yóò gbà dé.