Bàtà Gbígbẹ Lọ́jọ́ Òjò

Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, bàtà Ẹnjiníà Béjidé sì gbẹ.

Kifayat kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe yẹ. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú òjò."

Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ àpótí irin tó wà lára ògiri, èyí tí kọ́kọ́rọ́ kan wà lójú rẹ̀.

"Yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, Kifayat."

Torí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni wọ́n ṣe gba Kifayat síṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kòkó tó wà lẹ́yìn Iléṣà. Kọ̀ǹpútà ló ń darí gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀. Òun ló ń ṣí omi, òun náà ló ń tú ooru sínú àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se kòkó. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ náà, ẹni tó wà ní Òṣogbo, àní ẹni tó wà lókè òkun pàápàá, lè ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí a kò bá yí i, kò sí olè tó lè rí ọ̀nà wọlé. Láti àárọ̀ sì ni iná pupa ti ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà Kifayat: ẹnìkan wà níta tó ń wá bí yóò ṣe tú ooru sínú ìkòkò kẹta.

Inú ìkòkò kẹta ni Láńrewájú, àbúrò rẹ̀, wà. Ó ń ha kòkó tó jóná mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ooru.

"Sà, àbúrò mi ṣì wà nínú ìkòkò."

"Mo mọ̀."

Kifayat dìde dúró. "Ẹ̀yin lẹ ṣòfin, sà. Ẹ ní a kò gbọdọ̀ yí i torí ohùn orí fóònù, pé àwọn olè ti mọ bí wọ́n ṣe ń sín ohùn èèyàn jẹ. Ẹ ní àfi bí a bá rí yín lójúkojú."

"Ṣé o kò rí mi ni?"

Ó rí i. Ó rí àpá tó wà lágbọ̀n rẹ̀, ó rí fìlà tó máa ń tẹ̀ sí apá òsì. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ gbẹ nínú òjò yìí, Béjidé tó mọ̀ kì í sì í pè é ní Kifayat. Sójà ló máa ń pè é, torí bó ṣe ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ṣọ́ bárékè. Kifayat rọra na ọwọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Sójà! Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà Ìbòkun o. Táyà jò, ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún. Bí ìyàwó mi bá rí mi báyìí, á ní oko ni mo lọ!"

Ohùn Béjidé ni. Ẹ̀rín rẹ̀ ni.

Kifayat fi fóònù mọ́ etí pinpin. "Sà," ó rọra wí, "ta ló wà lọ́dọ̀ mi?"

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ jókòó síwájú mi."

Ẹ̀rín dá.

"Ṣé ó ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́?"

"Rárá, sà. Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Má wojú rẹ̀ mọ́. Lọ yọ àbúrò rẹ. Má pa fóònù."

Ẹni tó jókòó náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Lọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò dá wá."

Kifayat ki fóònù bọ àpò, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ìkòkò kẹta. "Láńre! Jáde kíá!"

Kò sẹ́ni tó mira nínú òkùnkùn.

"Láńre, èmi ni!"

"Irọ́ ni!" Ọmọkùnrin náà fà sẹ́yìn. "Àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ yẹn ni. Wọ́n ní nǹkan kan ń bọ̀ tí yóò sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, pé kí n má dá a lóhùn."

Kifayat ti apá kan bọnú ìkòkò títí dé èjìká, ó gbá ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń fà á. Láńrewájú jà, ó ké, ó gé e jẹ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Lójijì ló dẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ yín gbóná," ó wí. "Àǹtí, ẹ̀yin ni. Ẹni ìṣáájú fọwọ́ kàn mí lórí, ọwọ́ ọ̀hún tutù bí yìnyín."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ níta ìkòkò nígbà tí ọ̀pá irin tó ń gbé ooru wá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ooru funfun tú yáà sínú ìkòkò òfìfo.

"Àǹtí, ta ló yí kọ́kọ́rọ́?"

Kifayat la ọwọ́ rẹ̀ kejì. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Ó gbójú sókè wo gíláàsì yàrá tí òun ti sáré jáde. Ọkùnrin yẹn ṣì jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irin, obìnrin kan dúró tó lo híjáàbù aláwọ̀ ewé, irú èyí tó wà lórí Kifayat gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára kọ́kọ́rọ́ mìíràn tó jọ ti Kifayat. Ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí.

Nínú àpò Kifayat, Béjidé ń pariwo: "Sójà? Sójà, ṣé ẹ ti jáde?"

Kifayat la ẹnu. Kó tó fọhùn, ohùn ara rẹ̀ ti dáhùn láti inú fóònù náà, ó dùn, ó balẹ̀:

"A ti jáde, sà. Ẹ máa bọ̀. À ń dúró dè yín."