Yàrá Ẹnì Kan

Kí aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn fèrèsé, kó gé aṣọ, kó rán an, kó gbé e kọ́, kí aṣọ náà wá fi ínǹṣì mẹ́ta ju fèrèsé lọ, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ níta ni. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í sì í fi abẹ kan aṣọ láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ajé, ínǹṣì méjìdínláàádọ́ta ni fèrèsé náà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, márùndínláàádọ́ta ni. Ó wo téèpù, ó wo fèrèsé, ó wá dá ojú ara rẹ̀ lẹ́bi, nítorí ojú kò lẹ́nu tí yóò fi ro ẹjọ́.

Bó ṣe dé inú yàrá náà kò ṣòroó sọ. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló gbà á síṣẹ́, pé kó máa rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n àwọn onílé àgbègbè ibẹ̀ gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wọlé láàárọ̀, dókítà ni. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni ejẹ́ǹtì tó ń báni wá ilé fi mú un yí ká. Ó fi yàrá kan hàn án tó jẹ́ pé bí o bá sín nínú rẹ̀, ará yàrá kejì ni yóò nu imú. Ó fi òmíràn hàn án tí òjò ti gbà ṣáájú rẹ̀. Èyí tí ojú lè rí nínú wọn, ọwọ́ kò lè tó o.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kò dúró dè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, wà nílé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí àti ọkọ rẹ̀ ń kó lọ sí òkè òkun ní ìparí oṣù. Bí ìyá ọmọ kò bá tíì ríbi gbé nígbà náà, àwọn ará ilé bàbá ọmọ yóò wá mú un, ohun tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn ti di iyọ̀ inú omi.

Lọ́jọ́ keje, ejẹ́ǹtì mú un dé ilé kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ibi iṣẹ́. Yàrá náà fẹ̀, ó mọ́, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àwọn yòókù. Kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn, ejẹ́ǹtì sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé onílé yìí kò fẹ́ràn ọmọdé. Ọkùnrin náà kò tíì bá onílé sọ̀rọ̀ rí o. Ohun tí kò mọ̀ ló ń tà, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí náà nìyẹn.

Ìyá onílé, arúgbó kékeré kan tí awò tó wọ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ẹ̀yin mélòó ni?"

"Èmi nìkan ni, mà. Mi ò ní ẹnì kankan."

Màmá náà wò ó títí. "Sọ ọ́ sókè díẹ̀, kí ilé gbọ́."

Aránṣọ rò pé etí ló ń di ìyá arúgbó. Ó sọ ọ́ sókè. Èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ti wọlé tán, ta ni yóò gbé e jù síta?

Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀: ti ìyá onílé, ti aránṣọ, àti ọ̀kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ejẹ́ǹtì ní ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Aránṣọ gbà bẹ́ẹ̀, títí ó fi gbọ́ tí ìgbálẹ̀ wúkọ́.

Láti Ọjọ́rú náà, kò sí àárọ̀ tí yàrá kì í dín. Fèrèsé di ogójì ínǹṣì. Bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ń rìn yí ká tẹ́lẹ̀ wá fẹsẹ̀ kan ògiri, ó forí kan ògiri. Fọ́tò ọmọ tó lẹ̀ mọ́ ògiri ṣá bí aṣọ tó ti rí oòrùn ọdún mẹ́wàá. Níbi iṣẹ́, ó ṣàròyé pé téèpù òun ń parọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. "Téèpù kì í parọ́," ó ní. "Wo ẹni tó mú un lọ́wọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ó pe ilé. Ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù.

"Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi màmá rẹ ni."

"Ẹ ṣi nọ́ńbà pè, mà," ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó sì gbé fóònù fún àgbà. Ẹ̀gbọ́n kí i tayọ̀tayọ̀, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ara. Aránṣọ ní kí ló ṣe ọmọ òun.

"Ọmọ rẹ kẹ̀?" Kò sí ẹ̀rín nínú ohùn ẹ̀gbọ́n. "Àbúrò mi, ìwọ tí o kò bímọ rí?"

Ìyá onílé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi òwú dúdú rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ funfun, ohun tí ì bá bí aránṣọ nínú lọ́jọ́ mìíràn. Aránṣọ sáré jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀; kò ya màmá náà lẹ́nu.

"Ilé yìí kò lójú, etí ló ní," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bí ayálégbé bá ṣe pe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rán yàrá mọ́ ọn lára. Aránṣọ ni ọ́, ó yẹ kó yé ọ." Ó fi abẹ́rẹ́ nàka sí ilẹ̀kùn tín-ín-rín náà. "Awakọ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ kí n ṣàánú òun, ó ní òun ò ní baba, òun ò ní ìyá, òun ò ní ọmọ. Ó sunkún dáadáa."

"Ẹ ò sọ fún un kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ?"

"Mo sọ. Ojú ló tì í."

Ẹ̀gbẹ́ ni aránṣọ fi wọ yàrá rẹ̀. Kí lèèyàn ń bá ògiri sọ? Ó ní irọ́ ni òun pa, òun lọ́mọ. Ògiri kò mira. Ògiri ti gbọ́ irú ohùn yìí lẹ́nu rẹ̀ rí, lọ́jọ́ tó purọ́. Aránṣọ wá di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ náà bó ṣe wà nínú ìwé òṣùwọ̀n rẹ̀.

"Èjìká, ínǹṣì mọ́kànlá. Àyà, mẹ́tàlélógún. Gígùn apá, mẹ́rìndínlógún. Eyín iwájú kan ti yọ. Kì í fẹ́ fọ ẹsẹ̀ kó tó sùn. Èmi ni mo bí i. Ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé."

Ìró kan dún bí ìgbà tí a bá fa aṣọ ya lójú ọ̀nà òwú, tààrà, láìyà síbì kan. Nígbà tó lajú, oòrùn ti tẹ́ ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Aṣọ fèrèsé tó ti fẹ̀ jù ti wá kéré jù. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà. Kò gbàdúrà, kò mọ ẹni tí yóò dojú rẹ̀ kọ. Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá mi, kí ló dé tí ẹ ò pè látàárọ̀?"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ dé tòun tàpò. Ìyá onílé ní káàbọ̀, ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé kó máa kí gbogbo àgbà tó bá wà nílé gbọ́ ikọ́, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tín-ín-rín náà kí ìyá rẹ̀ tó lè fà á sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

Ó pẹ́ kí ohùn kan tó dáhùn, ohùn gbígbẹ tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. "Ta ni ń kí mi?"

"Èmi ni. Àwa méjì la wà ní yàrá kejì. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ ìyá onílé dúró lójú aṣọ.

"Àwa márùn-ún," ni ohùn náà wí. "Èmi àti ọmọ mẹ́rin." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn láti orí àkọ́bí. Lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìró aṣọ tó ń ya gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń fẹ̀. Ó dárúkọ ìkejì, ó dárúkọ ìkẹta. Ó dúró lórí ìkẹrin. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń wá orúkọ náà lẹ́nu ara rẹ̀, tí kò rí i. Ìró dákẹ́. Láti inú àlàfo tó wà níbẹ̀, ọwọ́ kan jáde, ó funfun bí gbòǹgbò, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ọmọ aránṣọ jókòó sórí àpò rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀.

"Ẹ rọra rò ó, Bàbá," ó ní. "A ò lọ síbì kankan."