Wọ́n Ti Gbé E

"Mi ò ní tà á fún yín, Alájì. Ẹ má bínú."

Ẹnu ya Ìkírámátù débi pé aṣọ tó fi ń nu eruku bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alájì Zàkárí, oníṣòwò aṣọ láti ọjà Arzèkè, dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó la ojú sílẹ̀ ràngàndàn, ó ń wo Tàǹtí Àràmọ́tù. Ta ló ti gbọ́ ọ rí ní Párákù pé oníbàárà na owó síwájú, ọlọ́jà sì ní òun ò gbà?

"Ẹ ò tà? Ṣé owó mi ló bàjẹ́ ni?"

"Owó yín dára, bàtà ni kò dára fún ẹsẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ òsì yín gùn ju ọ̀tún lọ. Ẹ wo bí ọmọ ìka ṣe ń ti bàtà níwájú. Bí ẹ bá fi eléyìí sáré bí dókítà ṣe ní kí ẹ máa sáré, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa tiro. Ẹ wọ èyí tó tóbi jù ú lọ yìí. Ẹ sáré dé ìdí igi máńgòrò yẹn, kí ẹ padà wá."

"Èmi? Lójú títì? Pẹ̀lú búbù lọ́rùn?"

"Ẹ ká a sókè."

Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká búbù rẹ̀ sókè, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn onízẹ́míjàn tó jókòó sórí alùpùpù wọn lábẹ́ igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Nígbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. Bàtà tí kò fẹ́ wò tẹ́lẹ̀ ló san owó lé lórí, ó sì ń dúpẹ́ títí ó fi jáde.

Bí Tàǹtí Àràmọ́tù ṣe ń tajà nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Albarika. Bàtà eré sísá nìkan ló ń tà, kì í ta sálúbàtà, kì í ta bàtà òde. Òun fúnra rẹ̀ ti sáré nígbà tó wà ní lísè, ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbàgbé ohun tí bàtà burúkú fi ojú rẹ̀ rí. Ìkírámátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, máa ń wá ràn án lọ́wọ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí. Lójoojúmọ́ ni ọmọ náà ń gbọ́ òfin kan ṣoṣo: "Ẹsẹ̀ méjèèjì, Ìkírá. Wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ bàtà méjèèjì, jẹ́ kí wọ́n sáré. Lẹ́yìn náà ni ká tó sọ̀rọ̀ owó."

Ká sọ òótọ́, òfin yìí ń sú Ìkírámátù. Ọmọge tó ti ń kun èékánná, kí ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ olóòórùn, kí ó máa fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà wọn wò! Lójú tirẹ̀, àṣejù ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Tàǹtí ń lọ sí ibùdókọ̀ láti gba ẹrù tó ń bọ̀ láti Kùtọnu. Kó tó jáde, ó na ọwọ́ sí àpótí bàtà kan tí ó ti dì sínú ọ̀rá sẹ́yìn tábìlì.

"Bàtà Madáàmù Àìná nìyẹn. Kò sí irú rẹ̀ níbí, mo jẹ́ kí wọ́n mú un wá ni. Wọ́n á wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́, Tàǹtí."

Ìkírámátù mọ Madáàmù Àìná. Olùkọ́ ni, ní Ǹdàlí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì máa ń wá sílé. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá náà fẹ́ máa fi bàtà rìn láàárọ̀ ni, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe.

Tàǹtí kò tíì lọ tán tí Hùdá fi wọlé. Ọ̀rẹ́ Ìkírámátù ni, inú kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Hùdá gbé bàtà rẹ̀ sókè, ó fi hàn án. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya níwájú, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà.

"Wò ó, Ìkírá! Lónìí! Ọ̀la ni eré!"

Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Párákù ló mọ eré náà. Àwọn ọmọbìnrin yóò sáré láti àárín ìlú lọ sí ọ̀nà yunifásítì, àwọn mẹ́ta tó bá ṣíwájú yóò sì lọ ṣojú agbègbè ní Kùtọnu. Hùdá ti ń múra fún un láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró.

"Yá mi ní ọ̀kan," ni Hùdá wí. "Bí mo bá ti sá a tán, mo máa nù ún, mo máa dá a padà. Ta ló máa mọ̀?"

"Tàǹtí mọ gbogbo bàtà tó wà lórí pẹpẹ yìí bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀."

"Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Rárá o! Ti Madáàmù Àìná nìyẹn."

"Madáàmù Àìná fẹ́ bá wa sáré lọ́la ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ̀rín ti ń bọ́ sí wàhálà nìyẹn. Hùdá ti ṣí àpótí náà. Bàtà aláwọ̀ búlúù ni, ó ń dán, okùn rẹ̀ funfun láú. Hùdá na ẹsẹ̀ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ gbogbo ọmọ Mùsùlùmí láti kékeré pé ọ̀tún ni kí a kọ́kọ́ wọ̀. "Bísímílà," ló wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlé wẹ́rẹ́.

"Ogójì! Nọ́ńbà mi gan-an! Ìkírá, Ọlọ́run ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Ṣé o fẹ́ kí n fẹsẹ̀ lásán sáré ni? Ṣé ọ̀rẹ́ nìyẹn?"

Alùpùpù kan dúró níta. Ìkírámátù rò pé Tàǹtí ló dé. "Tètè! Bọ́ ọ! Kì í sínú báàgì, kó o máa lọ!" Hùdá ki bàtà méjèèjì sínú báàgì ilé-ẹ̀kọ́, ó sá jáde. Kò wọ ti òsì wò rárá. Ìkírámátù tó ń gbọ́ òfin ẹsẹ̀ méjèèjì lójoojúmọ́ kò sì rántí rẹ̀ rárá.

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún. "Ìkírá, ẹrù yìí kò tíì dé o. Ti ṣọ́ọ̀bù, kó o lọ sílé. Ṣé wọ́n ti wá gbé bàtà yẹn?"

Ìkírámátù wo ẹ̀yìn tábìlì. "Wọ́n ti gbé e, Tàǹtí."

"Ó dáa. Kú iṣẹ́."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "wọ́n". À ń fi í pe àgbà tí a bọ̀wọ̀ fún, à ń fi í pe èrò rẹpẹtẹ, à sì ń fi í pe ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ. Ìkírámátù sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì ń tu ara rẹ̀ nínú. Ṣé irọ́ ló pa? Ṣebí wọ́n ti gbé e lóòótọ́. Bí Madáàmù bá wá, yóò ní kí ó ní sùúrù di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n Madáàmù kò wá ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Inú Ìkírámátù dùn, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sílé, ó sì sùn fọnfọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Tàǹtí àti Ìkírámátù ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí zẹ́míjàn kan já ènìyàn méjì sílẹ̀. Madáàmù Àìná ni, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ eré, tí nọ́ńbà wà láyà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Madáàmù!" ni Tàǹtí kígbe tayọ̀tayọ̀. "Ìdùnnúolúwa, olùsáré wa! Bàtà ńkọ́? Ṣé ó dì ọ́ lẹ́sẹ̀ mú dáadáa?"

Madáàmù dúró. "Bàtà wo, Àràmọ́tù? Òun la wá gbé yìí. Ọkọ̀ mi ló kú sọ́nà lánàá, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó wọ̀lú."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ Tàǹtí. Ìkírámátù wo nọ́ńbà tó wà láyà ọmọbìnrin náà. Bàtà ọmọ! Kì í ṣe bàtà ìyá!

"Ìkírámátù." Tàǹtí kò pè é ní Ìkírá. "O ní wọ́n ti gbé e. Àwọn wo ni 'wọ́n'?"

Ìkírámátù kúnlẹ̀. "Hùdá ni, Tàǹtí. Ó ní òun máa fi sáré lónìí, òun á dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Hùdá kan ṣoṣo ló wá di 'wọ́n' mọ́ ọ lẹ́nu?"

Ìdùnnúolúwa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti gbó. Láti inú ti òsì, ó fa àkísà aṣọ kan yọ, ó tún un ká dáadáa, ó sì dá a padà sínú bàtà. Ìgbà yẹn ni Ìkírámátù rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀tún gùn, òsì kúrú, àpá ńlá sì wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ló gun ẹsẹ̀ náà nígbà tó wà ní kékeré, kò sì dàgbà bí èkejì mọ́.

"Bàtà onínọ́ńbà méjì ni mo rà fún un," ni Tàǹtí wí. "Mo mú ọ̀tún nínú ogójì, mo mú òsì nínú méjìdínlógójì, mo pa wọ́n pọ̀. Ọmọ yìí kò wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mu rí láyé rẹ̀. Òun ló yẹ kó fi sáré lónìí."

Ìkírámátù ká ọwọ́ lérí. "Méjìdínlógójì? Yéè! Hùdá!"

Wọ́n sáré gun zẹ́míjàn. Kí wọ́n tó dé, gbogbo àwọn olùsáré ti tò sójú ìlà. Ìdùnnúolúwa fi bàtà rẹ̀ tó gbó wọ àárín wọn, fèrè sì dún. Ìkírámátù rí bàtà búlúù náà níwájú pátápátá. Ó ń sáré lẹ́bàá títì, ó ń kígbe, "Hùdá, bọ́ ọ! Bọ́ bàtà yẹn!" Ariwo èrò pọ̀. Hùdá rò pé ọ̀rẹ́ òun ń kókìkí òun ni, ó juwọ́ sí i, ó tún fi kún eré rẹ̀.

Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí Hùdá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó dúró díẹ̀, ó tún sáré. Lójijì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó sì pariwo tó mú kí àwọn tó wà lẹ́bàá títì dákẹ́. Nígbà tí Ìkírámátù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó tú okùn bàtà òsì, ẹ̀jẹ̀ ti rin ibọ̀sẹ̀ gbin-gbin. Èékánná àtàǹpàkò ti ṣí kúrò lára.

"Alẹ́ àná ni mo ti mọ̀ pé ó há," ni Hùdá ń sunkún wí. "Mo rò pé á fẹ̀ sí i."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Ṣé kí o lè gbà á padà ni?"

Ibi tí wọ́n wà náà ni Ìdùnnúolúwa ti kọjá lára wọn. Òun ló wà ní ipò kẹta! Ṣùgbọ́n aṣọ inú bàtà rẹ̀ ti ń yọ jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, bàtà òsì sì fò dànù sáàárín títì. Ó yí padà lọ mú un. Kó tó tì í bọ ẹsẹ̀, àwọn méjì ti kọjá lára rẹ̀. Ó sáré títí dé òpin, ipò karùn-ún ló sì wà. Àwọn mẹ́ta mìíràn ló lọ sí Kùtọnu.

Tàǹtí kò lu Ìkírámátù, kò sì lé e. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ó kàn gbé bàtà búlúù náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Fọ̀ ọ́." Ìkírámátù fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n pupa kan kò kúrò nínú ti òsì.

"Mi ò lè ta èyí mọ́," ni Tàǹtí wí. "Gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀."

Ní Banikanni, nílé Madáàmù Àìná, Ìkírámátù kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó fi bàtà ọ̀tún wọ̀ ọ́, ó fi ti òsì wọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí méjèèjì wò. Ìdùnnúolúwa dìde. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún sáré lọ. Nígbà tó dúró, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí lára gbogbo yín?" ló béèrè. "Tí ẹ bá ń sáré, ṣé báyìí ni?"

Ẹkún ni Ìkírámátù sun títí tó fi délé. Ó ti rò pé bàtà lásán ni òun yá ọ̀rẹ́ òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Tàǹtí tún pè é lórí fóònù láti ibùdókọ̀. "Ìkírá, bàtà kejì tí Alájì Zàkárí rà, tí mo dì sílẹ̀, ṣé wọ́n ti wá gbé e?"

"Alájì fúnra wọn kọ́ ló wá, Tàǹtí. Sàífùlláhì ọmọ wọn ni wọ́n rán. Èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ti pe Alájì, wọ́n ní ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn."

Tàǹtí rẹ́rìn-ín. "Ìkírá mi. Kú iṣẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Irọ́ tí a bò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, irọ́ náà ni. Bí a bá bi yín pé ta ni, ẹ dárúkọ rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ orúkọ tiyín ni.