Òróró Ólífì Kọ́ Ni Kíláàṣì Ń Jẹ

Addi àti bàbá rẹ̀, Baba Bassou, jókòó ti búrẹ́dì gbígbóná àti àwo òróró ólífì, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe láàárọ̀ ní àfonífojì Todgha ní ilẹ̀ Mòrókò. Inú Addi kò dùn. Alùpùpù ńlá ló fi ń mú àwọn àlejò gun òkè, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ṣubú lórí òkúta, tí òróró inú kíláàṣì sì jò dànù, ni ọwọ́ kíláàṣì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún kí ẹ́ńjìnnì má baà fa taya, ti rọ̀ jọ̀bọ̀lọ̀.

"Tí mo bá fún ọwọ́ kíláàṣì yìí, ńṣe ló máa ń ṣófo," ó sọ fún bàbá rẹ̀. "Àfi kí n máa fún un léraléra kó tó gbọ́."

"Ibi tí òróró ẹ̀ ń gbé ńkọ́?" Baba Bassou béèrè.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, Baba."

"Ṣé torí ìyẹn lo ṣe fajú ro báyẹn? Òróró ló ń fẹ́, òróró nìyí."

Bàbá náà ti àwo síwájú rẹ̀. Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Òróró yìí ni wọ́n ń kán sí etí tó bá ń dunni, òun ni wọ́n fi ń para fún ọmọ tuntun, òun náà ni wọ́n ń kán sí ilẹ̀kùn tó bá ń han. Igi tí bàbá tó bí Baba Bassou gbìn ló sì ti wá. Ta ni yóò rò pé ó lè ṣe ibi?

Addi dà á sínú ilé òróró kíláàṣì, ó dé e. Zayid, mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá afárá, ti ní kó gbé alùpùpù náà wá, ṣùgbọ́n àlejò ń dúró, Addi kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ náà gan-an ló kàn wọ́n láti fa omi sí oko. Ẹni tó bá kàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ṣí ojú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò kọjá sí oko ẹlòmíràn. Baba Bassou gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọ́kọ́ lọ ṣí géètì fún ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè yí òkúta ìdí géètì kúrò. Lẹ́yìn Baba gan-an, Addi ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ó fún ọwọ́ kíláàṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, ó tẹ jíà kìíní.

Alùpùpù náà fò síwájú, ó gbá Baba ṣubú.

Dókítà ní egungun ìbàdí ti fọ́, àti pé pẹ̀lú ọjọ́ orí Baba, òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Addi jókòó sórí ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Nígbà tí wọ́n gbé Baba padà wálé, Zayid wá kí i. Nígbà tó ń lọ, ó yà sídìí alùpùpù nínú àgbàlá, ó ṣí ilé òróró kíláàṣì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Addi, ṣé sàláàdì lo fẹ́ fi kíláàṣì yìí ṣe ni?"

Addi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ ohun tí mo ṣe fún mi."

Ojú ti Zayid fún àwàdà náà. "Afẹ́fẹ́ ló wọnú páìpù ẹ nígbà tí òróró jò. Òróró ò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ṣeé fún pọ̀. Gbogbo agbára ọwọ́ ẹ, orí afẹ́fẹ́ ló ń parí sí. Kíláàṣì ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pe òun. Èyí tó o wá dà lé e lórí ò lè lé afẹ́fẹ́ náà jáde, tí òtútù òkè bá sì mú un, ṣe ló máa ki. Irú òróró tó ń fẹ́, wọ́n kọ ọ́ sára ìdérí."

Ó fọ òróró ólífì náà dànù, ó rọ ojúlówó sí i. Ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ri ẹnu rẹ̀ kejì sínú òróró inú ìgò.

"Fún ọwọ́ kíláàṣì. Má tíì fi sílẹ̀ o!" Ó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ìfófòó sì ń hó jáde nínú ìgò. Ó dè é padà. "Ó yá, fi sílẹ̀. Tó o bá fi sílẹ̀ kí n tó dè é, afẹ́fẹ́ mìíràn ló máa fà wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ, tí Zayid ń bu òróró kún un lókè kó má baà gbẹ, títí ìfófòó fi tán, tí ọwọ́ kíláàṣì sì le dáadáa. Wọ́n gbé taya ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, wọ́n ṣáná, wọ́n fún kíláàṣì, wọ́n tẹ jíà. Taya náà kò yí, kíláàṣì ti ń gbọ́. Tíì tí ìyàwó Addi gbé kaná nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò tíì hó.

"Ó ti parí nìyẹn?" Addi béèrè. "Ohun tó sọ bàbá mi di arọ, kò ju èyí lọ?"

Zayid ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Addi," Baba Bassou pè láti inú yàrá. "Má dá ara ẹ lẹ́bi. Èmi ni mo gbé òróró fún ẹ. Omi tún kàn wá lónìí. Ta ló lọ ṣí i?"

Gbogbo wọn ló ti gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù tó ń fi òróró ti kíláàṣì, bí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ̀, ẹ má máa fún un léraléra kẹ́ ẹ sì máa bá ìrìn lọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kó lé afẹ́fẹ́ jáde. Ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí ni kẹ́ ẹ rọ sí i, ẹ má rọ nǹkan mìíràn, ì báà jẹ́ òróró igi bàbá yín. Bí ó ti wù kí alùpùpù dáa tó, ẹ má tẹ jíà nígbà tí ènìyàn bá wà níwájú yín.

Alùpùpù Addi ti dáa báyìí. Baba Bassou ṣì wà lórí ẹní, ó ń gbọ́ omi tó ń kọjá lọ.