Ipa Ọwọ́ Lára Ògiri Àtẹ̀gùn

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti bá òkú aránṣọ náà ní àárọ̀, ẹrù aṣọ tó gbé ti tú ká yí i ká. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, jókòó tì í. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún.

Baba Onílé kò jẹ́ kí Ìnsípẹ́kítọ̀ mí. "Ọkọ ló tì í, ọ̀gá. Gbogbo ilé ló gbọ́ ìjà wọn lánàá. Èéfín nìwà, kò ṣeé fi pamọ́."

"Irin ìdìmú àtẹ̀gùn yìí ńkọ́?"

"Digbí ló wà láti ọjọ́ tí mo ti kọ́lé." Ó mì í. Kò yẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. "Kí lẹ jà lé lórí?"

"Irin yẹn. Mo ní ká kó kúrò. Ìyàwó mi ní ká ṣe sùúrù, pé Baba á tún un ṣe."

"Ṣé o tì í?"

"Mo ń sùn."

"Ta ló mọ̀?"

"Òun tó kú yìí nìkan."

Ìnsípẹ́kítọ̀ pe Ìyá Ìbejì, ayálégbé òkè. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri sọ̀ kalẹ̀. "Ẹnu mi ò sí níbẹ̀ o. Tí Baba bá lé mi jáde, ṣé àgọ́ yín lẹ máa gbà mí sí?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo ògiri. Ọwọ́ ti sọ ọ́ di dúdú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Eruku ló bo irin, àmọ́ bóòtù tó dè é mọ́ àtẹ̀gùn ń dán.

"Baba, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yàrá aránṣọ wá lókè."

Nígbà tí Baba Onílé ń bọ̀, irin wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ló rọ̀ mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò di irin mú?"

Baba dúró.

"Ẹsẹ̀ yín mọ̀ pé kò ṣeé fara tì. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ẹrù ló gba ọwọ́ aránṣọ, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó fara ti irin, irin já. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ fi bóòtù tuntun de irin tó ti dípẹtà, kí ẹ tó figbe ta."

Baba jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Èmi ti darúgbó, ọ̀gá. Awakọ̀ yìí ṣì ní agbára ẹ̀wọ̀n."

Àwọn ọlọ́pàá tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, wọ́n fi de Baba Onílé.

"O lè máa lọ," Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún ọkọ.

"Síbo?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ bọ́ fìlà rẹ̀.