Dígí Tí Kò Dáhùn

Ọmọ onídìrí ti ìka bọ òróró irun tó mú ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó sì fi pa irun ẹṣin tó wà lára ọrun tí wọ́n fi ń ta fáyólìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni ń pa ìpara fún ọmọ tuntun. Ọrun náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni.

Oje igi gbígbẹ tí wọ́n ń fi pa irun yẹn ló ń jẹ́ kó di okùn fáyólìn mú, kí okùn sì ké. Bí òróró bá kàn án, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ orin fi kìlọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe orin tuntun tí àwọn méjèèjì fẹ́ fi fáyólìn kọ: obìnrin kan ń pọfọ̀ sínú dígí, iwin inú dígí sì ń dá a lóhùn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni obìnrin, ọmọ onídìrí ni iwin. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ orin máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín orin náà ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń pè é ní Gbohùngbohùn lójú gbogbo kíláàsì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dán ọrun rẹ̀ wò. Èémí lásán ló jáde. Olùkọ́ gbà á, ó fi sí imú, ó wá tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn irun orí ọmọ onídìrí. Òórùn kan náà ni. Ó gba ọrun ọwọ́ ọmọ náà fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì na èyí tó lóróró sí ọmọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ n lọ wá òmíràn."

"Àwọn tó fẹ́ yàn nínú yín ti jókòó. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọlé."

Ọmọ onídìrí sáré fi oje igi pa á. Ńṣe ló di ẹrẹ̀ mọ́ irun.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pọfọ̀ sínú dígí, orí gbogbo èèyàn wú. Ó dúró de ìdáhùn. Ọmọ onídìrí fa ọrun lọ, ó fà á bọ̀. Kò sí ohùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn gbè é. Ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá gba ohùn iwin náà mọ́ tirẹ̀, ó sì kọ méjèèjì délẹ̀.

Òun ni wọ́n mú. Bó ṣe ń kọjá, ó fẹnu sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gbohùngbohùn, mo pè ọ́ títí. Àbí o ò sí nílé?"

Olùkọ́ ní kí ọmọ onídìrí máa gbé ọrun olóróró náà lọ sílé, nítorí ohun tó jèrè nìyẹn. Kí ẹni tó bá fẹ́ pa ohùn ẹnìkejì rẹ̀ rántí pé orin kan náà ni wọ́n jọ ń kọ.