Ohun Tí Ìyá Láoyè Fẹ́ Wò

"Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n! Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Láoyè nìyẹn. Èmi kọ́ ló ń bá wí. Òun nìkan ló wà nínú yàrá kọ̀m̀pútà ní yunifásítì lọ́jọ́ náà, ní ọdún 1999. Èmi wá wọn fèrèsé tí wọ́n ní kí n rán kọ́tìnì sí. Ẹ̀rù bà mí. Mo di téèpù mi mú, mo ń wo ilẹ̀kùn. Bí ọkùnrin bá ń dá sọ̀rọ̀, ó yẹ kéèyàn mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Ó rí mi. Ojú tì í. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ yìí ni mo ń bá jà."

"Kí ló ṣe yín, sà?" Ibi fèrèsé ni mo ti béèrè. N kò sún mọ́ ọn.

Ó fi ìlà pupa kan hàn mí lójú kọ̀m̀pútà. Ó ní prógírámù kan lòun ń kọ tí yóò máa tọ́jú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun sì tún kọ èyí tí yóò máa dán an wò, kí àṣìṣe má baà yọ́ wọlé. Òun ṣe àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, òun tún ṣe òmíràn, orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Òun bi ẹ̀rọ pé ṣé wọ́n dọ́gba. Ẹ̀rọ ní rárá.

"Kí ló dé?"

"Ibi tí wọ́n jókòó sí ló ń wò, mà. Ọ̀kan wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún, ló bá ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí n kò bá sọ ohun tó yẹ kó wò fún un, kò ní wo inú wọn láéláé."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ó mà jọ àwọn ará ilé wa o."

Láoyè rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Kí n tó wọn fèrèsé tán, ó ti tẹ ohun tó yẹ kó wò sínú ẹ̀rọ náà, ìlà pupa ti di aláwọ̀ ewé, ó sì ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá wo kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Ilare, bí ẹni pé òun ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Á ra ẹ̀pà wá, á jókòó ti máṣíìnì mi. Ó di pé ó ń pè mí ní Àníkẹ́ òun. Opó ni mí, mo ti lé lógójì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ náà gan-an ń bà mí lẹ́rù.

Ìyàwó òun náà ti kú. Mojíre lorúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àníkẹ́ mi, ìyá mi fẹ́ rí ọ. N kò jẹ́ purọ́ fún ọ, ohun tí wọn ò bá fọwọ́ sí, n kò lè ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi, Àtàndá, gbọ́. Ó pòṣé. "Bí ìyá yẹn bá ti wò ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojíre, ó parí nìyẹn. Tíṣà ni Mojíre. Ìwọ ńkọ́? Ìwé mẹ́fà!"

Mo ronú, ronú. Mo rántí ẹ̀rọ Láoyè. Bí ohun tí wọ́n ń wò bá ti bára mu, ìlà á di aláwọ̀ ewé. Àwòrán Mojíre wà ní pálọ̀ Láoyè: bùbá léèsì búlúù, ọrùn gbígbòòrò, gèlè tó tẹ̀ sápá òsì. Aránṣọ ni mí, ojú mi ti wọ̀n ọ́n. Mo ra léèsì, mo rán an, kò yẹ̀ síbì kankan. Mo wé gèlè sápá òsì. Mo gbọ́ pé jẹ́jẹ́ ló máa ń rìn, èmi náà rìn jẹ́jẹ́ wọ ilé ìyá Láoyè ní Òkèrèwè.

Màmá ń ṣa ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbójú sókè. Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀.

"Mojíre?"

Láoyè sáré jáde. "Àníkẹ́! Kí lo wọ̀ yìí?"

Mo kúnlẹ̀ sáàárín ẹ̀gúsí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ní kí n bá a dọ́gba ni. Kí... kí ìlà yẹn má baà pupa."

"Ìlà wo?"

Láoyè di orí mú. "Màmá, èmi ni mo fà á." Ó ń ṣe kólòlò, ó ṣàlàyé.

Màmá nàka sí gèlè mi. "Mo ti sin Mojíre. Mo sunkún rẹ̀, ó tó. Ta ló ní kó o lọ gbé e wá fún mi? Dìde, ò ń tẹ ẹ̀gúsí mi mọ́lẹ̀."

N kò dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá mi ṣa á.

"Láoyè ní o pa òun lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí lo sọ?"

Mo wo ojú Láoyè. Mo wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn kì í wo inú èèyàn, ibi téèyàn jókòó sí ló ń wò. Mo wá ní... ó jọ àwọn ará ilé wa."

Ẹ̀rín Màmá ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Tilé yín nìkan kẹ̀? Ẹ ò tíì rí ti Òkèrèwè!" Láoyè náà bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú.

Màmá ń wo ọmọ wọn bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ èyí nínú ilé yìí. Ohun tí mo fẹ́ wò nìyẹn, ìyàwó mi. Aṣọ kọ́." Wọ́n na ọwọ́ sí orí mi. "Tú gèlè yìí, jàre. Kò yẹ ọ́. Kò yẹ Mojíre náà, n kàn ò lè sọ fún un ni."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, bùbá tí mo wọ̀, bó ṣe wu èmi gan-an ni mo ṣe gé e. Síbẹ̀ ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí Láoyè ń fi òrùka bọ̀ mí lọ́wọ́.

Láoyè sọ ọ́ sí mi létí: "Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́ ni, olólùfẹ́ mi?"

"Ó ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, òun náà ń gbọ̀n.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," Màmá pariwo lẹ́yìn wa, "kí àwa náà lè gbọ́!"